Ìgò Kejì

Ọjọ́ ìsinmi ni obìnrin náà mú láti ṣí ìgò náà. Ó ti sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n má wá, kódà ẹni tó ń fọ ìgò kò wá. Ó nu tábìlì ilé ọtí, ìyẹn ilé tí wọ́n ti ń ṣe ọtí, ó gbé ife kan lé e, ó sì gbé garawa kékeré tí ọkọ rẹ̀ máa ń tu ọtí sí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Ó wá fi aṣọ funfun wé ìgò náà láti ọrùn dé ìdí, kí atọ́tíwò má baà fi ojú ṣèdájọ́.

Ọkọ rẹ̀ ni atọ́tíwò náà. Ahọ́n-Wúrà ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ gan-an ló fi ń jẹun. Àwọn òṣìṣẹ́ a máa ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí aládùúgbò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ronú àtidín ẹja, ọ̀gá àwọn ti mọ irú ẹja tó fẹ́ dín. Kì í gbé ọtí mì. Á yí i kiri ẹnu, á tu ú sí garawa, á sì sọ ohun tó rí níbẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, kò tíì gbé ọtí kankan tí ìyàwó rẹ̀ ṣe mì.

Èso àjàrà tí wọ́n ń pè ní Ṣadoné nìkan ni wọ́n fi ṣe ti inú ìgò yìí, ọtí funfun tó ń hó, tí kò ní ṣúgà rárá. Ọdún tí ọmọ wọn kan ṣoṣo kú ni wọ́n ká èso rẹ̀. Tíńtín ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà, torí kò sanra, kò ga. Òun ló rọrùn fún jù láti gba ẹnu kòtò wọlé, ìyẹn yàrá kékeré tó wà lábẹ́ ilé ọtí, níbi tí oje àjàrà tuntun ti ń hó di ọtí. Oje tó bá ń hó máa ń tú afẹ́fẹ́ kan sílẹ̀ tí kò láwọ̀, tí kò lóòórùn, tó sì ń pa èèyàn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kọ́kọ́ fi okùn sọ àbẹ́là kalẹ̀. Bí iná rẹ̀ bá kú, ẹnikẹ́ni kì í wọlé. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà kú, bàbá Tíńtín ò sọ àbẹ́là kalẹ̀, ṣe ló bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹnu kòtò, ó fi imú fa afẹ́fẹ́ ibẹ̀, ó ní kò sí nǹkan kan, kí ọmọ òun máa lọ. Nígbà tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ jáde, bàbá náà ní ọkàn ọmọ náà ni kò lágbára. Ohun tó sọ fún dókítà nìyẹn, òun náà ló sọ níbi ìsìnkú. Látìgbà náà, kì í fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan okùn àbẹ́là níṣojú òun.

Ìyàwó rẹ̀ ò bá a jà. Ó kàn bẹ̀ ẹ́ pé kí orúkọ Tíńtín wà lára ìgò ọtí ọdún náà. Ọkọ rẹ̀ ní òun ò lè fi orúkọ ọmọ òun sára ọtí játijàti. Ọjọ́ tí òun bá gbé e mì, kí wọ́n kọ ọ́.

Ahọ́n-Wúrà wọlé, ó jókòó.

"Òórùn àbẹ́là wà lọ́wọ́ rẹ," ló wí.

"Mo lò ó láàárọ̀ ni. Imú yín yìí."

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó tẹ́tí sí abẹ́ ilẹ̀. "Oje ọdún yìí ń hó gan-an."

"Ó ń hó."

Obìnrin náà ṣí ìgò, ó bu ọtí fún un. Ọkọ rẹ̀ gbé ife sókè síbi fèrèsé, ó wo ìfófó wẹ́wẹ́ tó ń tò gòkè. Ó di ojú, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ápù tí kò tíì pọ́n. Ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ààrò." Ó tọ́ ọ wò, ó yí i kiri ẹnu, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ garawa.

Obìnrin náà di etí tábìlì mú. Ó ti ṣẹ́ ara rẹ̀ níṣẹ̀ẹ́ lórí ọtí yìí, ẹ̀rù sì ń bà á.

Ọkọ rẹ̀ dìde padà láìtu nǹkan kan. Gògóńgò rẹ̀ lọ sókè, ó sọ̀ kalẹ̀; ó gbé e mì.

"Ìyá Tíńtín," ló wí. Kò tíì pè é bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú. Omi wà lójú rẹ̀. "Kò dùn, kò sì korò. Ó mọ́ lẹ́nu. Sùúrù ni ọtí yìí, sùúrù sì ni baba ìwà. Kọ orúkọ ọmọ náà sí i."

Obìnrin náà sunkún. Ó sunkún títí ọkọ rẹ̀ fi fọwọ́ gbá a lẹ́yìn pẹ̀lẹ́.

"Bàbá Tíńtín," ó wí nígbà tó yá, "kí ló pa á?"

Ọkùnrin náà mú ọwọ́ kúrò. "A ti sọ èyí tán. Ọkàn rẹ̀ ni. Ká ní nǹkan kan wà níbẹ̀ ni, ṣé imú mi ò ní gbọ́ ọ ni?"

"Ó dáa." Ó fi etí aṣọ nu ojú rẹ̀.

Ọkùnrin náà mu ìyókù ife rẹ̀. "Ṣé ó kù?"

"Ó kù. Kòtò ló tutù jù."

"Jẹ́ ká ṣí ìkejì. Kí ìwọ náà wá ife fún ara rẹ."

"Orúnkún mi ò fẹ́ àkàbà mọ́."

"Jókòó, jàre. Ìwọ lo ṣiṣẹ́."

Ọkùnrin náà mú tọ́ọ̀ṣì. Ó ṣí ìdérí pákó ẹnu kòtò, ó fi imú fa afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan bí ìṣe rẹ̀, ó mi orí pé kò séwu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ó ń kọrin jẹ́jẹ́ nísàlẹ̀.

Nígbà tí orin náà dáwọ́ dúró, tí tọ́ọ̀ṣì sì bọ́ lulẹ̀ nínú kòtò, obìnrin náà yọ àbẹ́là kan nínú àpò rẹ̀, èyí tó fi okùn sọ̀ sínú kòtò láàárọ̀, tí iná rẹ̀ kú kó tó dé ìdajì àkàbà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tó ṣófo, ó sì lọ sí yàrá Tíńtín, níbi tí gbogbo ìgò tó kù wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.