Sólà Tó Kọjú sí Títì

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, fíríìjì kú lẹ́ẹ̀marùn-ún, ìgò oògùn ìtọ̀ ṣúgà méjì bàjẹ́ sínú rẹ̀, ìyá tó ni oògùn sì dákú ní bálùwẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni ọmọbìnrin rẹ̀ ń kà sí etí ẹni tó so sólà fún wọn, bí ọkùnrin náà ti ń gun àkàbà.

"Ayédèrú lẹ tà fún wa! Kí lẹ tún fẹ́ lọ wò lókè?"

"Àǹtí, ẹ fara balẹ̀." Kò pẹ́ tó fi yọjú láti orí òrùlé, inú ti ń bí òun náà. "Ìhà ẹ̀yìnkùlé, níbi tí oòrùn ti ń ràn láti àárọ̀ dalẹ́, ni mo kàn án mọ́. Ta ló gbé e wá síwájú, sábẹ́ òjìji ilé alájà ọ̀ọ́kán yìí?"

Bàbá, tó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wúkọ́.

"Èmi ni mo ní kí káfíńtà gbé e. Odindi oṣù kan la ti rà á, ẹnikẹ́ni ò rí i! Onílé alájà yẹn ló máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé inú òkùnkùn là ń gbé. Ó ti rí i báyìí, ó tilẹ̀ kí mi kú oríire."

Ọmọbìnrin náà wọlé, ó mú ìgò kẹta jáde láti inú fíríìjì, ó sì fi lé bàbá lọ́wọ́. Ìgò náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi ìwẹ̀.

"Oògùn tó kù fún Màmá nìyẹn. Bàbá, ẹ dìde. Ẹ lọ bá wọn ní yàrá, kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ fún wọn ohun tó mú kí wọ́n dákú."