Ṣéènì Tí Látúndé Ò Fẹ́ Dè

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí ọmọbìnrin kan ti síkúútà kékeré oníbátìrì dé ṣọ́ọ̀bù Látúndé. Ó fi ìborùn bojú.

"Ẹ kú iṣẹ́, baba. Táyà ẹ̀yìn ò yí mọ́, ilé mi sì jìnnà."

Òjò ti rọ̀ láti ọ̀sán, síbẹ̀ ẹrẹ̀ ò kan ẹsẹ̀ rẹ̀.

Látúndé gbé àtùpà sún mọ́ ọn. Ṣéènì tó ń yí táyà ló yọ. Bí ọmọ náà ṣe bá a di táyà mú ló rí àpá omi bátìrì lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù yìí ni omi náà ti ta sí ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́, ọmọ tó kú lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, tí àṣà ò jẹ́ kí bàbá tẹ̀ lé e dé sàréè.

Kò pe orúkọ ọmọ náà. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá pe àkúdàáyà lórúkọ ò ní rí i mọ́. Ó de ṣéènì, táyà yí geere. Ó tún rọra tú u, kí ọmọ náà lè pẹ́ sí i lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ó ku díẹ̀," ló ń wí ṣáá.

"Baba, ó ti dára tipẹ́." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀ láti dúpẹ́.

Kí Látúndé tó mọ̀, àdúrà tí bàbá ń ṣe fọ́mọ tó kúnlẹ̀ ti jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Àwẹ̀ró mi, wàá dàgbà."

Kò sẹ́nì kankan níwájú rẹ̀ mọ́. Táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń yí, ó sì ti fẹ́ dúró. Látúndé fọwọ́ tì í, kó lè tún yí.