Èébú Mọ́kànlélógójì

Èébú mọ́kànlélógójì ni Tíṣà Àgbà dà kọ láti ojú fóònù sínú ìwé ọmọléèwé kan. Ó fi nọ́ńbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fi bíírò pupa fàlà sábẹ́ ìkẹsàn-án: "O rí bí àpò ìdọ̀tí tí wọ́n de ìgbànú mọ́. Kú, ká rójú sinmi."

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n kí èèyàn kí wọ́n tó bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní Ẹnu-Mímú lórí ẹ̀rọ ayélujára kò kí ẹnì kankan. Kò fojú kan ọmọbìnrin tó ń bú rí. Ọmọ náà kàn gbé àwòrán aṣọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán síta fún aráyé wò ni. Láti ọjọ́ tí èébú kọkànlélógójì ti dé, kò gbé nǹkan kan síta mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi sílẹ̀," àbúrò rẹ̀ obìnrin wí. "Ọ̀rọ̀ orí ẹ̀rọ lásán. Eré ni wọ́n ń fi í ṣe."

"Eré? Gbà, ka ìkẹsàn-án sókè ká jọ rẹ́rìn-ín."

Àbúrò rẹ̀ wo ìwé náà, ó pa á dé. "Ta lẹ fẹ́ lọ dójú tì báyìí?"

"Ẹni tó bá yẹ kójú tì."

Tíṣà wọ aṣọ dúdú tó ti ń wọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹkún ló ń sun tẹ́lẹ̀. Láti ìjẹta tó ti rí èébú wọ̀nyí, ìbínú ti gbẹ omi ojú rẹ̀. "Ká ní mo rí Ẹnu-Mímú gbá mú ni," ó ní, "ǹ bá fọ́ ọ létí." Ó mú àdírẹ́sì tó ti wá rí, ó jáde.

Ọkùnrin kan tó lo awò ojú ló ṣílẹ̀kùn fún un.

"Ẹ káàsán o, bàbá. Ẹ má bínú pé mi ò ránṣẹ́ ṣáájú."

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Ọ̀rọ̀ Ẹnu-Mímú ni mo bá wá."

Ojú ọkùnrin náà le. Kò ní kó jókòó. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ kan wà ní igun pálọ̀, wọ́n ti fi aṣọ bò ó.

"Mi ò fẹ́ gbọ́ orúkọ yẹn nínú ilé mi mọ́."

"Ẹ máa gbọ́ ọ lónìí."

Ó ṣí ìwé, ó ń kà á lọ bí ẹni ń pe orúkọ ní kíláàsì. Nígbà tó dé orí ìkẹsàn-án, ilẹ̀kùn yàrá ṣí. Ọ̀dọ́bìnrin kan dúró síbẹ̀ láìwọ bàtà.

"Ọmọ mi, ṣé o mọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí?"

"Mo mọ̀ wọ́n, mà."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Mo mọ̀ wọ́n sórí."

Tíṣà pa ìwé náà dé.

Ó kúnlẹ̀ síwájú ọmọ náà, ó ní, "Ọmọkùnrin mi ló kọ wọ́n sí ẹ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti sin ín, ìjẹta ni mo ṣí fóònù rẹ̀, mo sì fẹ́ bá a wí, mi ò rí i bá wí mọ́."