Aago Bàbá Dùnsìn

Oṣù kan lẹ́yìn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí eegun ẹ̀yìn Boaz, Olúwadùnsìn ọmọ rẹ̀ ti Ìbàdàn wá sí Ìkirè, ó de aago dúdú kan mọ́ ọn lọ́wọ́. Aago náà ń ka ìṣísẹ̀, ó sì ń fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí fóònù Dùnsìn.

"Dádì, dókítà ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ìṣísẹ̀ lójúmọ́. Bí ẹ bá ń jókòó sójú kan, ẹ̀yìn yẹn á gan, wọn á sì tún là á."

Iṣẹ́ wẹ́dà ni Boaz ń ṣe kí ẹ̀yìn tó dá a dúró. Kò sí ohun tó kórìíra tó ìrìn tí kò níbi tó ń lọ.

"Ṣé ewúrẹ́ ni mí," ó bi Salome ìyàwó rẹ̀, "tí màá fi máa rìn kiri láìnídìí?"

Salome kàn ń ṣọ́ ọ ni. Láràárọ̀ ló ń wo ọwọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bóyá aago wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, ọgbọ́n dé. Kòfowórọlá, ọmọ ẹ̀gbọ́n Boaz, ń din dódò Ìkirè tà létí títì, ó ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Boaz rọra rìn débẹ̀, ó tú aago lọ́wọ́.

"Bá mi so ó mọ́wọ́. Nírọ̀lẹ́ ni màá wá gbà á, kí Ìyá Dùnsìn má baà fura."

"Bàbá, ẹ ò ní pa mí!" Kòfo rẹ́rìn-ín, ó gbà á.

Bẹ́ẹ̀ ló di iṣẹ́ òòjọ́: láàárọ̀ á so ó mọ́wọ́ lọ, nírọ̀lẹ́ á so ó mọ́wọ́ bọ̀ wálé. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Boaz ń sinmi lórí ọ̀pá tó fi ń rìn kó tó dé títì, ó ń ṣépè fún dókítà àti ẹni tó ṣe aago. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó ku ẹ̀ẹ̀kan. Nígbà tó yá, ó gbàgbé ọ̀pá sílé.

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ó lé igba!" Dùnsìn á pè láti Ìbàdàn. "Dádì, ẹ kú iṣẹ́ o!"

"Olúwa ni," Boaz á dáhùn, á na ẹsẹ̀ sórí àpótí. Ó yà á lẹ́nu pé eré tí Kòfo ń sá látàárọ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó gbà pé ọjà ló ń falẹ̀.

Oṣù mẹ́ta pé, wọ́n ní kó wá fojú kan dókítà. Títí ọkọ̀ fi kọjá Aṣéjírè lọ́nà Ìbàdàn, Boaz ń fọwọ́ bo aago náà. Irọ́ fẹ́ tú, ọ̀bẹ sì ń dúró dè é.

Dókítà ní kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Ó ní kó dìde láìfọwọ́ ti nǹkan kan, ó dìde. Ó ní kó rìn lọ rìn bọ̀, ó rìn ín.

"Bàbá, kò sí iṣẹ́ abẹ mọ́. Ẹ ti gbádùn."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Boaz jẹ́rìí iṣẹ́ ìyanu ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó fò sókè lẹ́ẹ̀mẹta, kò dárúkọ aago. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé iṣu mẹ́ta lọ fún Kòfo.

"Ẹsẹ̀ rẹ ló gbà mí lọ́wọ́ ọ̀bẹ."

"Ẹsẹ̀ tèmi kẹ̀, Bàbá? Ẹ má bínú o, nítorí epo gbígbóná, mi ò so aago yẹn mọ́wọ́ rí. Inú agolo ló ń sùn títí ẹ ó fi wá gbà á, tiyín ni gbogbo ìṣísẹ̀ tó ń kà."