Ìgbésẹ̀ Kẹsàn-án

Onígbàjámọ̀ ti dé ìgbésẹ̀ kẹjọ nínú ìdánwò kọnfú, òógùn sì ti wọ ọ́ lójú.

Ó tẹ orúnkún, ó yí gìgísẹ̀, ó rìn kọjá.

"Dúró!" Ọ̀gá na ọ̀pá sí i. "Fífò ni ìgbésẹ̀ kẹsàn-án! Ìgbà kẹta rèé tí o máa fìdí rẹmi."

"Ọ̀gá, ẹ dákun, kí gan-an ni mò ń fò?"

"Ọ̀kọ̀ ọ̀tá ni!" ni télọ̀ kan tó ń dúró de ìdánwò tirẹ̀ ké láti ẹ̀yìn.

"Irọ́ ńlá. Ejò ni," ni wẹ́dà tó dúró tì í dá a lóhùn.

"Ẹ panu mọ́!" ni Ọ̀gá wí. "Bí bàbá ìyàwó mi ṣe fi kọ́ mi nìyẹn. Títí ó fi kú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ibẹ̀ rí. Ta wá ni ìwọ?"

Onígbàjámọ̀ wo bẹ́líìtì dúdú tó wà lórí tábìlì. Ó ti sọ fún gbogbo oníbàárà rẹ̀ pé òun ti gbà á.

Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó dé ẹ̀kẹsàn-án, ó fò bí ọ̀pọ̀lọ́.

Ìyàwó Ọ̀gá tó ń gbé omi wọlé bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ ṣì ń fo ibẹ̀? Yàrá kan péré la ní nígbà yẹn. Ibẹ̀ ni màmá mi máa ń tẹ́ mi sí nígbà tí mo wà ní jòjòló. Èmi ni bàbá mi ń fò!"

Télọ̀ àti wẹ́dà wo ojú Ọ̀gá.

Ọ̀gá so bẹ́líìtì mọ́ onígbàjámọ̀ nídìí.

Ìyàwó Ọ̀gá ti pé ẹni ọgọ́ta ọdún. Fífò náà ṣì wà nínú ìdánwò.