Ìwé Tó Wà Nísàlẹ̀ Àpótí

Bí ikán bá wọ òpó ilé yín, tí ẹ wá bu ọ̀dà kùn ún, ta lẹ tàn? Ẹ má tíì dá mi lóhùn. Ẹ gbọ́ tèmi ná.

Akínlàwọ̀n káfíńtà ń gbé ní Òkè-Ìrókò. Ọwọ́ rẹ̀ dáa, àmọ́ àléébù kan ń bẹ lára rẹ̀: kò lè gbà láyé pé nǹkan tòun lábùkù. Bí pákó bá ní ihò, kò ní jù ú nù. Á po lẹ́búlẹ́bú pákó mọ́ gọ́ọ̀mù, á fi dí i, á wá fi pọ́líìṣì kùn ún títí á fi máa dán. Oníbàárà á gbé àga lọ, á máa yangàn. Tó bá di ọdún kejì, àga á dá mọ́ ọn nídìí.

Nígbà tí Mọ́rẹ́nikẹ́ ìyàwó rẹ̀ lóyún, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nílé ìwòsàn. Ó mọ́. Wọ́n ní kí ọkọ náà wá. Tirẹ̀ ò mọ́. Obìnrin kan wà níbi tó ti máa ń lọ ra pákó. Akínlàwọ̀n fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ obìnrin yẹn lòun ti kó àrùn náà.

Nọ́ọ̀sì pè é sí kọ̀rọ̀. "Bàbá, ara yín ní sójà tó ń ṣọ́ ọ. Ojúde ni àìsàn mìíràn ti ń bá sójà jà. Kòkòrò HIV yìí, inú sójà gan-an ló ń wọ̀, bí ikán ṣe ń wọ pákó. Ibẹ̀ ló ti ń bímọ. Bí àwọn ọmọ bá kún inú sójà náà, á kú, wọ́n á tú jáde, wọ́n á wọ òmíràn. Ó lè tó ọdún mẹ́jọ, mẹ́wàá, kí ara yín ṣì máa dán. Ọjọ́ tí sójà bá tán, ikọ́ lásán á wọlé gbé yín. Ìyẹn là ń pè ní éèdì."

"Kò ní oògùn ni?"

"Ó ní. Kò lè lé e tán, àmọ́ bí ẹ bá ń lò ó lójoojúmọ́, kòkòrò náà ò ní lè bímọ mọ́. Ẹ sọ fún ìyàwó yín, ẹ má sì bá a sùn láìlo rọ́bà."

Akínlàwọ̀n gba ìwé àyẹ̀wò. Nígbà tó délé, ó kan ìsàlẹ̀ kejì sí àpótí aṣọ rẹ̀, ó ki ìwé náà sáàárín, ó fi pọ́líìṣì kùn ún. "Tèmi náà mọ́," ló sọ fún ìyàwó. Kò padà lọ gba oògùn. Ṣé kí wọ́n rí òun, ọ̀gá káfíńtà, lórí ìlà àwọn alárùn?

Mọ́rẹ́nikẹ́ bí Ṣọlápé. Lóòótọ́, Akínlàwọ̀n sanra fún ọdún mẹ́jọ. Ó tiẹ̀ ń fi nọ́ọ̀sì ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ara rẹ̀. Lọ́dún kẹsàn-án, ìgbẹ́ gbuuru dé, ẹnu rẹ̀ kún fún egbò funfun, ikọ́ ẹ̀gbẹ gbé e dè. Mọ́rẹ́nikẹ́ fura, ó sáré lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ wò. Kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Ó sunkún, ó nujú, ó bẹ̀rẹ̀ oògùn lójú gbogbo ayé, ara rẹ̀ sì le.

"Bàbá Ṣọlápé, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

Ọkùnrin náà kọjú sí ògiri.

Ibẹ̀ ni Wúràọlá, ẹ̀gbọ́n Akínlàwọ̀n obìnrin, ti rí ọ̀rọ̀ sọ sí Mọ́rẹ́nikẹ́. "Ìwọ ń tóbi, àbúrò mi ń rù! Ìwọ lo lọ kó o níta wá bá a. Di ẹrù rẹ. Ṣọlápé ò ní bá ọ lọ, ọmọ wa ni."

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ẹ bi àbúrò yín."

Akínlàwọ̀n ń gbọ́ lórí ẹní. Ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń da aṣọ síta, ó gbọ́ igbe ọmọ rẹ̀. Bí òun bá dákẹ́, òun á kú ní ẹni iyì. Àfi bí Mọ́rẹ́nikẹ́ ṣe wọlé, tí ẹrù rẹ̀ wà níta, tó gbé omi sí i lẹ́nu, tó nu àgbọ̀n rẹ̀.

Ó gbé omi náà mì. "Àǹtí, ẹ fọ́ ìsàlẹ̀ àpótí mi."

"Àpótí tó dára tó báyìí?"

"Ẹ fọ́ ọ."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọjọ́ yẹn ni wọ́n sáré lọ gba oògùn fún un, àmọ́ sójà ti tán. Ọjọ́ kẹfà ni wọ́n sin ín. Nítorí náà, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Bí kò bá mọ́, ẹ lo oògùn, ẹ sì sọ fún ẹni tẹ́ ẹ jọ ń sùn. Ìtìjú kò lè lé ikán jáde. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí àpótí. Wúràọlá fọ́ ọ, ìwé jábọ́. Kò mọ̀wé, ló bá nà án sí Mọ́rẹ́nikẹ́. "Kà á! Orúkọ ta ló wà níbẹ̀?"

Mọ́rẹ́nikẹ́ rí ọdún tí wọ́n kọ sí i, ọdún oyún Ṣọlápé, ó rí orúkọ, ó wo ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin orí ẹní ló dáhùn.

"Akínlàwọ̀n ni."