Afọnfèrè Tó Kọjá Ìlà Ṣọ́ọ̀kì

Ìmọtara-ẹni-nìkan ni àrùn tó ń ṣe afọnfèrè kan. Ẹ̀bùn ń bẹ lára rẹ̀, a kò lè fi ìyẹn dù ú. Bó bá gbé fèrè onídẹ rẹ̀ sẹ́nu, tó bẹ̀rẹ̀ orin jáàsì, ẹni tó ń bínú a gbàgbé ohun tó ń bí i nínú. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí etí gbọ́ ohun mìíràn lẹ́yìn fèrè tirẹ̀, ìdí nìyí tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi sọ ọ́ ní Èmi-Nìkan.

Ìyàwó rẹ̀ ló ń tẹ dùùrù fún wọn, ọwọ́ rẹ̀ sì rọ̀, ohùn dùùrù rẹ̀ kì í ròkè. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀, nítorí náà ẹni tí ohùn rẹ̀ bá lágbára ní láti dúró jìnnà sí i. Ẹni tó ń gba orin wọn sílẹ̀ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbi tí kálukú yóò dúró sí. Ti Èmi-Nìkan wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí iná pupa tó fi hàn pé wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀ bá ti tàn, tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, yóò máa yọ́ bọ̀ bí ológbò tó rí ẹja, títí yóò fi dé iwájú ẹ̀rọ, yóò sì kẹ́yìn sí dùùrù.

Lọ́jọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. “Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró sídìí ìlà yín. Wọn ò gbọ́ mi rárá nínú rẹ́kọ́ọ̀dù tó jáde yẹn.”

“Ṣebí èmi ń gbọ́ ẹ nílé lójoojúmọ́,” ni ó fèsì. “Ta ló tún kù?”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì padà sídìí dùùrù rẹ̀.

Rẹ́kọ́ọ̀dù mọ́kànlá jáde, òkìkí ọkùnrin náà kàn. Onílù wọn kọ́kọ́ bínú lọ, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Ìyàwó nìkan ló dúró tì í, àìsàn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré sì mú òun náà lọ.

Ilé wá dákẹ́ rọ́rọ́. Àárò obìnrin yìí ń sọ ọ́ gan-an, kò lè jókòó síbi tí dùùrù wà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé ọmọ ọwọ́ wá kí i.

“Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí gbọ́ bí ìyá mi ṣe ń tẹ dùùrù.”

“Jókòó, ọmọ mi. Rẹ́kọ́ọ̀dù wà.”

Ó gbé àkọ́kọ́ sórí ẹ̀rọ tó ń kọ rẹ́kọ́ọ̀dù, fèrè ni. Ó gbé ìkejì, fèrè ni. Ó fi etí lé ara ẹ̀rọ títí ó fi dé orí ìkọkànlá, níbi tí òun ti dánu dúró láti mí. Ohùn dùùrù dún lẹ́ẹ̀mejì péré, fèrè sì bò ó.

Láti ọjọ́ náà, ó ń dá abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà padà síbẹ̀ láràárọ̀. Ó ń sunkún, ó ń gbàdúrà kí fèrè yẹn dákẹ́ díẹ̀ sí i. Kò dákẹ́. Nígbà tó yá, abẹ́rẹ́ jẹ ojú ibẹ̀ bàjẹ́, ariwo ṣáá ló kù. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka ìtàn yìí, ohun a ní là á náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Ẹ má fi ohùn yín bo ti ẹni tó ń bá yín ṣiṣẹ́, nítorí ó lè di ọjọ́ kan kó jẹ́ ohùn ẹni náà nìkan ni ọkàn yín yóò máa wá. Ẹni tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lónìí, ẹ fún un láyè kí ayé gbọ́ ọ.